Kí Ọkọ̀ Irè Oko Wa Má Baà Hó Lójú Ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Wọ́tà Pọ́ǹpù àti Fáànù Nílé

Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń bá yín sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé irè kì í di owó títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò rà á. Ọkọ̀ ló ń gbé e dé ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lè bàjẹ́ láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun méjì tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára: wọ́tà pọ́ǹpù àti fáànù. A ó sọ bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé wọ́n ti bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ wọn nínú ọgbà ilé yín.

KÍ LÓ KAN ÀGBẸ̀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ?

Ẹ jẹ́ ká wo Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn sọ pé ibi tí Ìgà Ìdúngànran, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí, oko ata Arómirẹ ni tẹ́lẹ̀. Lónìí kò sí oko níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹ ata pọ̀ sí i. Ọjà Òkè Àrín, Jáńkárà àti Ẹbúté Èrò ń retí ẹrù. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó oúnjẹ láti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wá gúnlẹ̀ sí Ẹbúté Èrò. Nígbà tí wọ́n kọ́ Afárá Carter ní 1901, tí Afárá Èkó tẹ̀lé e, tí wọ́n sì ṣí Third Mainland Bridge ní 1990, mọ́tò gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà tó wọ àwọn ọjà wọ̀nyí ni ìṣòro. Ọkọ̀ lè sáré dáadáa láti Ìkòròdú, kó dé ẹnu Ìdúmọ̀tà, kó wá di sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ojú títì kéré, alájàpá pọ̀, ọmọlanke ń kọjá, oòrùn ń mú. Níbẹ̀ ni géèjì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí rédíétọ̀ á sì hó. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí ẹ ká nídàájí á rọ. Tòmátì tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á bẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì dí ọ̀nà, àwọn LASTMA lè wọ́ ọ lọ, owó ìtanràn á tún kún un.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná kọjá ààlà lè jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì lè lọ́ tàbí kó sán. Owó tí ẹ ó fi tún ìyẹn ṣe lè gbé owó irúgbìn àti ajílẹ̀ ọdún kan lọ. Owó wọ́tà pọ́ǹpù kan kò tó ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

BÍ OMI ÀTI AFẸ́FẸ́ ṢE Ń TU Ẹ́ŃJÌNNÌ LÁRA

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá tàbí tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní abúlé. Ẹ ó rí dúrọ́ọ̀mù omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti páìpù méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Omi tó gbóná máa ń fúyẹ́, nítorí náà á gba páìpù òkè lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Omi tútù á gba ti ìsàlẹ̀ wọlé. Kò sí pọ́ǹpù kankan níbẹ̀, omi ń yí fúnra rẹ̀.

Mọ́tò náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ Model T ní Amẹ́ríkà ní 1908, nǹkan bí 2,500 àkọ́kọ́ nìkan ló ní pọ́ǹpù omi. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi omi sílẹ̀ kó máa yí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe ń pọ̀ sí i, ooru rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i, omi tó ń rọra yí kò ká a mọ́. Ìyẹn ló sọ pọ́ǹpù di dandan.

Nínú ọkọ̀ òde òní, ohun márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀:

Wọ́tà pọ́ǹpù ló ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Nínú rẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà, irin gbọọrọ tó gbé abẹ̀bẹ̀ náà, bẹ́ríǹ tí irin náà ń yí lórí rẹ̀, àti síìlì tí kì í jẹ́ kí omi jò jáde.

Rédíétọ̀ ló ń pín omi gbígbóná sínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ.

Tẹ́mósítáàtì dà bí aṣọ́nà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó tilẹ̀kùn. Bí ooru bá dé nǹkan bí 82 sí 88 lórí ìwọ̀n Celsius, ó ṣílẹ̀kùn kí omi lè lọ sí rédíétọ̀.

Ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó má baà tètè hó. Omi lásán ń hó ní 100. Lábẹ́ ìdérí tó dára ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa kó tó hó. Ìdí nìyí tí omi fi máa ń fò jáde bí iná tí ẹ bá ṣí i nígbà tó gbóná. Ó ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ kọjá lára rédíétọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró sójú kan ní Ìdúmọ̀tà, fáànù nìkan ló kù.

ÈWO LÓ BÀJẸ́?

Ẹ má wulẹ̀ sáré ra nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: ìgbà wo ni ọkọ̀ ń gbóná?

Tó bá jẹ́ pé inú góò-sìlóò nìkan ló ti ń gbóná, tí géèjì sì ń wálẹ̀ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, fáànù tàbí bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tó bá jẹ́ pé ó ń gbóná nígbà tí ẹ ń sáré pẹ̀lú ẹrù, ọ̀rọ̀ omi ni. Ó lè jẹ́ pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ rédíétọ̀ tó dí, ó lè jẹ́ tẹ́mósítáàtì tó kọ̀ láti ṣí, tàbí kí omi ti dínkù.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, tó sì ti tutù, ẹ ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí:

(a) Ẹ di fáànù mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í síwá-sẹ́yìn. Tó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, bẹ́ríǹ pọ́ǹpù ti jẹ.

(b) Ẹ fi ìka kan abẹ́ pọ́ǹpù. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ dá sí i. Tí síìlì bá ti ya, ibẹ̀ ni omi á máa gbà jò. Tí ẹ bá rí omi, tàbí tí ẹ bá rí ìpẹ́ funfun tàbí pupa tó ti gbẹ mọ́ ọn, pọ́ǹpù ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pààrọ̀ òun. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà o! Omi tí kò bá rí ọ̀nà jáde á wọ inú bẹ́ríǹ.

(d) Ẹ tẹ́tí sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ríǹ tó ti jẹ máa ń ké bí ọlọ. Bẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀ máa ń ké fíìn-fíìn nígbà tí ẹ bá tẹ iná sí i.

(e) Ẹ wo abẹ̀bẹ̀ fáànù bóyá ó sán tàbí ó kán. Abẹ̀bẹ̀ tó bá sán lè já nígbà tó ń yí, kó gún rédíétọ̀ tàbí kó ṣe èèyàn léṣe. A kì í jó o pọ̀, a kì í sì gé ìkejì rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ká pààrọ̀ rẹ̀ ni.

(ẹ) Ẹ fa ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ọ́ọ̀lì jáde. Tí ọ́ọ̀lì bá ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, tàbí tí rédíétọ̀ ń tú èéfín àti fóòmù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Pọ́ǹpù tuntun kò ní wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì.

ÈYÍ TÍ Ẹ LÈ ṢE ÀTI ÈYÍ TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ DÁWỌ́ LÉ

Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1975, rọrùn láti ṣe. Pọ́ǹpù rẹ̀ wà níwájú gedegbe, fáànù wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀tì kan ló ń yí wọn. Ọ̀pọ̀ Toyota Hilux àtijọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí ni àgbẹ̀ tó lè lo sípánà lè ṣe nílé láàárín ọ̀sán kan.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kan, táímìn bẹ́ẹ̀tì ló ń yí pọ́ǹpù. Toyota Camry oní-2.2 ti àwọn ọdún 1990, tí àwọn èèyàn ń pè ní Òrobó, wà lára wọn. Tí ẹ bá tú táímìn bẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò sì mọ bí a ṣe ń mú àmì rẹ̀ bá ara wọn, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, nínú àwọn mìíràn fáfù á tẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Fún ẹ̀yin tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, tí ilé sún mọ́ra, ẹ má ṣe tú ọkọ̀ sí ojú títì. Ẹ wá ọgbà tó tẹ́jú, tí àwọn ọmọdé kò ti ní máa sáré kọjá.

RÍRA ỌJÀ

Ẹ tú ti àtijọ́ kúrò kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú un dání lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ibikíbi tí ẹ ti ń ra páàtì. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka ihò bóòtù. Ẹ wọn gíga irin tí fáànù ń jókòó lé. Ẹ wo bóyá abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kọjú sí ibì kan náà. Ẹ fi ọwọ́ yí i: ó gbọdọ̀ yí wẹ́rẹ́ láìké, kó má sì mì.

Fáànù tòkunbọ̀ kò burú tí kò bá sán, tí kò sì lọ́. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tòkunbọ̀, a kò gba yín níyànjú. Bẹ́ríǹ àti síìlì ló ń gbó nínú pọ́ǹpù, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fojú rí iye tó ti gbó. Ẹ ra tuntun, kí ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀tì tuntun pọ̀ mọ́ ọn. Tí họ́ọ̀sì bá ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tàbí tó ti sán lára, ẹ rà á pẹ̀lú.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ SÍLẸ̀

Sípánà nọ́ńbà 10 sí 14, sukudiráfà, òòlù onígi tàbí onírọ́bà, garawa, abẹ̀bẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ kúkúrú tí kò mú fún híha, àkísà mímọ́, páálí ńlá méjì, kúláǹtì àti omi mímọ́.

ÌGBÉSẸ̀ NÍ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ tó wa ọkọ̀ rárá, ló dára jù. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹ sì tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (–).

2. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ẹ gbé garawa sábẹ́, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kékeré tó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, tàbí kí ẹ tú họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Ẹ wo iye omi tó jáde kí ẹ lè mọ iye tí ẹ ó dá padà. Ẹ kíyèsí: májèlé ni kúláǹtì, ó sì dùn lẹ́nu. Ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé á fẹ́ lá a. Ẹ bo garawa náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

3. Ẹ fi páálí kan dí ẹ̀yìn rédíétọ̀, kí sípánà má baà ha á.

4. Nígbà tí bẹ́ẹ̀tì ṣì le, ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì fáànù díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀tì tó le ni kò ní jẹ́ kí púlì máa bá yín yí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ bẹ́ẹ̀tì ná, tí wọ́n á wá máa bá fáànù jà.

5. Ẹ wá dẹ bóòtù atẹ́bẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ̀rọ tó ń ṣe iná. Ẹ tì í sínú, kí ẹ yọ bẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ fáànù àti púlì. Tí ike tó yí fáànù ká bá dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ tú u. Tí fáànù Peugeot 504 yín bá ṣì ní ẹ̀rọ òòfà rẹ̀, ẹ rọra tú wáyà rẹ̀, kí ẹ sì wo kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń fara kàn án. Tí kábọ́ọ̀nù náà bá ti jẹ tán, fáànù kò ní yí bó ṣe yẹ bí gbogbo ohun tó kù tilẹ̀ dára.

6. Ẹ tú kílíìpù họ́ọ̀sì. Ẹ lọ́ họ́ọ̀sì sọ́tùn-ún sósì kó lè bọ́. Ẹ má fi sukudiráfà gún un.

7. Ẹ ya àwòrán pọ́ǹpù sórí páálí kejì. Bí ẹ bá ṣe ń tú bóòtù kọ̀ọ̀kan, ẹ gún un sí ojú ibi tó ti wá lórí àwòrán náà. Bóòtù pọ́ǹpù kì í sábà gùn dọ́gba. Èyí tó gùn, tí ẹ bá fi sí ihò kúkúrú, ó lè fọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

8. Ẹ fi òòlù onígi gbá pọ́ǹpù jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáwọ́. Ẹ má ki sukudiráfà sáàárín rẹ̀ àti bulọ́ọ̀kù, nítorí ojú ibẹ̀ tó bá ti ha ni yóò máa jò títí.

9. Ẹ fi àkísà dí ihò omi, kí ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò pátápátá. Ẹ nù ún títí tí ojú ibẹ̀ á fi dán, kí ẹ wá yọ àkísà náà. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ o.

10. Ẹ lo àǹfààní yìí láti dán tẹ́mósítáàtì wò. Ẹ fi okùn so ó, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọdọ̀ wà ní títì nígbà tí omi tutù, kó sì ṣí kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí, tàbí tí kò padé nígbà tó tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

11. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Tí ẹ bá máa lo gọ́ọ̀mù, kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó bá pọ̀ jù á já sínú omi, á lọ dí rédíétọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtù wọlé ná. Lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà mú wọn le ní ìlòdì-sí-ìlòdì, bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fa sípánà lè já bóòtù sínú.

12. Ẹ dá họ́ọ̀sì, púlì àti fáànù padà. Ẹ rí i pé ojú fáànù tó kọ sí rédíétọ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún kọ sí i. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀tì sí i, kí ẹ fà á le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ààrin rẹ̀ níbi tó gùn jù: kó wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀. Bó bá le jù, á jẹ bẹ́ríǹ pọ́ǹpù tuntun yín kí oṣù tó kó.

13. Ẹ rọra da kúláǹtì àti omi sí i, ìdajì sí ìdajì, tàbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike. Ẹ so bátìrì padà. Ẹ yọ páálí kúrò. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìfi ìdérí sí i, kí ẹ sì ṣí hítà tí ọkọ̀ bá ní. Ẹ dúró títí họ́ọ̀sì òkè á fi gbóná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, omi á sì lọ sílẹ̀. Ẹ fi kún un. Nígbà tí kò bá tú fóòmù mọ́, ẹ dé e pa.

14. Ẹ wo abẹ́ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ mú abala ìwé kan, ẹ gbé e sí iwájú rédíétọ̀, ní ìta. Tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á fa ìwé náà mọ́ra. Tó bá ń ti ìwé sẹ́yìn, ẹ ti fi fáànù sí i lódì.

Ẹ wà á yí àdúgbò ká láìkó ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ tún wo omi. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ tún tẹ bẹ́ẹ̀tì wò, nítorí bẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀.

TÓ BÁ JẸ́ FÁÀNÙ ONÍNÁ

Irú fáànù yìí kò gbára lé bẹ́ẹ̀tì. Ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹ ti pa ọkọ̀, nítorí náà ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìtú bátìrì. Kí ẹ tó rà á, ẹ tú wáyà rẹ̀, kí ẹ fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì tààrà. Tó bá yí, fáànù kò ní nǹkan kan. Fíúùsì, rìlé tàbí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ooru ló bàjẹ́, wọn kò sì wọ́n tó fáànù. Tí kò bá yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti ẹnu wáyà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀.

TÍ Ó BÁ HÓ NÍGBÀ TÍ Ẹ WÀ LÓRÍ AFÁRÁ

Ẹ má retí kó tó hó. Bí géèjì bá ti kọjá ààrin, ẹ pa A.C., ẹ ṣí hítà dé òpin. Ooru náà á bà yín lára jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa díẹ̀ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá ibi tí ẹ lè yà sí, kí ẹ pa á. Ẹ dúró ó kéré tán wákàtí kan. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ tàbí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sáré fi ọwọ́ ṣí ìdérí. Nígbà tó bá tutù tó láti fi ọwọ́ kàn, ẹ fi àkísà nínípọn bò ó, ẹ yí i díẹ̀ kí ooru jáde, kí ẹ tó ṣí i tán.

Ọ̀pọ̀ máa ń ra píọ̀ wọ́tà lójú títì, tí wọ́n á sì rọ ọ́ lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Irin gbígbóná tó pàdé omi tútù lójijì lè sán. Ẹ jẹ́ kó tutù ná. Tó bá sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ló já, ẹ má wà á mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn kó ẹrù yín lọ sọ́jà; irè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BI WÁ

Wọ́n ní ká yọ tẹ́mósítáàtì dànù torí oòrùn ilẹ̀ wa. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, epo á máa lọ, ara ẹ́ńjìnnì á tètè jẹ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, omi á gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá láìdé rédíétọ̀ tó bó ṣe yẹ, ọkọ̀ á sì tún gbóná sí i. Èyí tó bàjẹ́ ni kí ẹ yọ, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ṣé omi kànga kò tó?

Kànga etí ọ̀sà àti etí òkun, irú èyí tó wà ní Erékùṣù Èkó, sábà máa ń ní iyọ̀. Iyọ̀ ń jẹ irin, ó ń dí rédíétọ̀, ó sì ń pa síìlì pọ́ǹpù. Omi òjò tí ẹ gbè lẹ́yìn tí òjò ti fọ òrùlé sàn jù ú lọ. Ẹ pò ó mọ́ kúláǹtì, nítorí kúláǹtì kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, omi náà kì í sì í tètè hó.

Ṣé a lè so fáànù oníná pọ̀ kó máa yí nígbà gbogbo?

Ó lè gbé yín délé. Ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní fíúùsì lè gbiná, ẹ sì mọ ohun tí iná ń ṣe sí ọkọ̀ tó kó apẹ̀rẹ̀ àti àpò. Ẹ tún ohun tó bàjẹ́ gan-an ṣe.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló ni ọkọ̀. Ta ni yóò máa ṣe é?

Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa wo omi, ọ́ọ̀lì àti bẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òwúrọ̀ ọjà. Ẹ fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì, àti iye omi tó ń fi kún un. Tí iye náà bá ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jò níbì kan. Ìwé yẹn á ti sọ fún yín kí ọkọ̀ tó dá yín dúró.

Ẹ tún rántí pé pàǹtírí, ìyẹ́ adìẹ àti ẹrẹ̀ ọ̀nà oko máa ń dí ojú rédíétọ̀ níwájú. Ẹ fi omi tí kò le púpọ̀ fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú ní oṣooṣù, pàápàá nígbà òjò. Ibi tí ọ̀nà yín bá ti ní koto, ẹ wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ bóyá nǹkan kan ti gún un.

Tí ohun kan kò bá yé yín nínú àlàyé yìí, ẹ bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tó ń bẹ àdúgbò yín wò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé yín. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ ẹgbẹ́ wá sí ìpàdé náà, ká jọ mì fáànù rẹ̀ wò, ká sì jọ yẹ abẹ́ pọ́ǹpù rẹ̀ wò, kí ìkórè tó dé.